Ilẹ̀kùn Tí Kò Ní Ọwọ́

Wọ́n ní kí n ya ilé olókùúta kan,
ilé òyìnbó àtijọ́, lórí òkè, létí òkun tútù,
kí yìnyín máa bọ́ sórí òrùlé rẹ̀,
kí obìnrin kan máa rìn nínú rẹ̀ lóru
tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ.
Ìwé ọ̀hún nípọn bí búlọ́ọ̀kù.
Tíṣà Ọláṣebìkan ní àwọn ọmọ òun
kì í kọjá ojú ewé kẹta kí wọ́n tó sùn lé e.
"Bá mi sọ ọ́ di àwòrán," ló wí,
"ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀rù púpọ̀."

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́,
lókè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Bàbá Mùṣáfáù.
Bí wọ́n bá ń tẹ ìwé ìsìnkú nísàlẹ̀,
tábìlì mi a máa gbọ̀n, ìlà mi a wọ́.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Ilé tí àǹjọ̀nú ń gbé
kò yẹ kó dúró gbọin-gbọin.

Yìnyín? Inú fíríìjì nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n.
Mo lọ dúró sí Òkóbàbá ní ìdájí
níbi tí wọ́n ti ń sun lẹ́búlẹ́bú gẹdú.
Èéfín rọra ń rá lórí ọ̀sà,
ó gbé igi mì, ó gbé ọkọ̀ mì,
ó gbé ọkùnrin kan mì títí dé ọrùn,
orí rẹ̀ nìkan ń bá a lọ, ó ń súfèé.
Mo yà á.

Ilé ńkọ́?
Mo mọ ilé kan ní Kámpòs,
pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, ilé Ìyá àgbà Felisíánà.
Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ìpéǹpéjú,
òdòdó símẹ́ńtì ń ṣí kúrò lára ògiri.
Yàrá kan wà lókè níbẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀.
"Ẹrù ló wà níbẹ̀," ni wọ́n máa ń wí fún wa.
Ẹrù kì í wúkọ́.
Ẹrù kì í bèèrè omi lóru Ọjọ́ Ìsinmi.
Ohùn ìsàlẹ̀ kan péré
ló wà láàrin ẹrù àti ẹ̀rù.

Nínú àpótí kìíní, ọwọ́ obìnrin náà kan ilẹ̀kùn.
Nínú ìkejì, àtùpà ti kú.
Àlàfo funfun ló wà láàrin wọn, kò ju ìka kan lọ.
Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, n kò yà á.
Ẹni tó bá ń kà á ni yóò yà á,
nínú ara rẹ̀, láìní pẹ́ńsù.

Wọ́n kà á ní Bàrígà, ní kíláàsì kẹta.
Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní
"Kí wọ́n tètè pe pásítọ̀ jàre!"
Ẹlòmíràn ní kí baálé ilé náà kó lọ sí Ìkòròdú,
ilé ṣì wọ́n níwọ̀nba lọ́hùn-ún.
Kúbúrátù tó jókòó lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Tíṣà, ṣé kò sí ẹni tó lè ṣí i fún un ni?"
Aago lù. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tí ẹ̀dà náà padà wá fún àtúnṣe,
mo ṣí i: epo ẹ̀pà, orúkọ agbábọ́ọ̀lù,
irùngbọ̀n lágbọ̀n baálé ilé.
Mo dé ojú ewé kọkànlélógójì,
níbi tí obìnrin náà ti kọjú sí ilẹ̀kùn látinú.
N kò ya ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yẹn.
N kò tilẹ̀ mọ̀ pé n kò yà á.
Láti kékeré, ìta ni mo ti ń wò ó.

Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù ya ọwọ́ kékeré kan sí i,
ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó yọ sí ẹ̀yìn ewé.

Bàbá Mùṣáfáù ní kí n fi rọ́bà pa á rẹ́
kó tó wọ ẹ̀rọ.
Mo mú tàdáwà, mo tọ ìlà ọmọ náà díẹ̀díẹ̀.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán,
ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.